Ọpẹ́ Tí A Dú Kí Ọkọ̀ Tó Dé

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Warri, ó ń gba atẹ́gùn, ó wá ń ròyìn ayé fún àwọn ọmọdé. N kò gba atẹ́gùn kankan. Ọ̀dọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá bá mi lóṣù yìí pé àwọn fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, pé kí n sọ bó ṣe rí fún àwọn. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí n kò lágbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń di aṣáájú tó lè dojú kọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é. Ìyá tó ń ta ẹja, bàbá tó ń tún bàtà ṣe, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ, irú wọn la máa ń mú. A ó kọ́ wọn títí wọn ó fi lè dìde níwájú ọ̀gá tó wọ kóòtù, kí wọ́n wí pé: láti Ekpan dé Pessu, báyìí là ń jìyà, báyìí la ṣe fẹ́ kó rí, ọjọ́ wo lẹ máa ṣe é? Àwa kọ́ la máa bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta òun, òun ló sì yẹ kó sọ ọ́.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi wá láti Ìsẹ́yìn, ó ń ta àgádágodo àti abọ́ tánganran ní ọjà ńlá Warri, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo kọ́ iṣẹ́ títẹ ìwé. Màdáàmù Ejiro ń wá ẹni tó lè tẹ̀wé, tó sì gbọ́ Yorùbá tó fi lè bá àwọn Ọ̀yọ́ inú ọjà àti àwọn Ìlàjẹ etí omi sọ̀rọ̀. Ó mú mi. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí, ẹ̀rín lẹ máa rín.

Urhobo ni Màdáàmù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rọbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ kò dúró, ọmọ inú ọmọ rẹ̀ kò sì yè. Bó ṣe dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ nìyẹn. Kì í sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sunkún nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, mo wọ bàtà tuntun, mo rò pé wọ́n máa fi mí jókòó síwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan báyìí ló nà sí mi. Ó ní kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ekpan, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tẹ ìròyìn kan tó dùn ún kà. Mo kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ń jìyà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ ṣàánú wọn. Màdáàmù kà á, ó fà á ya sí méjì níwájú mi.

“People dey suffer,” ó ní. “Which people? Who suffer pass? Which time? No tell me wetin you hear. Tell me wetin your leg see.”

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Inú bí mi débi pé mo máa ń bú u nínú ọkàn mi láti ilé dé Ekpan. Ṣùgbọ́n ojú mi là. Mo rí i pé dẹ́rẹ́bà kì í dúró fún obìnrin tó gbé agbọ̀n ẹja, torí òórùn. Mo rí i pé bí òjò bá ti ṣú, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kàn wá lórí. Mo rí bàbá afọ́jú kan tó máa ń bi gbogbo èèyàn pé ọkọ̀ ibo nìyí, tí wọ́n á dá a lóhùn nígbà tí ọkọ̀ náà bá ti lọ tán. Ìgbà tí mo kó ìyẹn dé ọ̀dọ̀ Màdáàmù, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní, “Now you don start.” Ìyìn tó fún mi lọ́dún yẹn nìyẹn.

Òfin rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni kan kì í dá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Mẹ́ta la máa ń lọ, ẹni tí kò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀ láàárín wa ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bí aṣáájú bá jẹ́ ẹyọ kan, owó rẹ̀ kì í wọ́n láti rà. Òótọ́ ni. A kọ́ bàbá télọ̀ kan títí, ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Ìjọba fún un ní mọ́tò àti oyè kan báyìí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá wa wọ bọ́ọ̀sì mọ́, tí bọ́ọ̀sì kò sì bàjẹ́ mọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo mọ́.

Òfin kejì: a kì í jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. Mo rú u lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n pè mí lórúkọ níbi ìpàdé kan, orí mi wú, mo bọ́ sókè, mo jókòó, wọ́n gbé ìgò mọ́ọ̀tì tútù síwájú mi. Màdáàmù dìde láti ẹ̀yìn. “Mama Safu, carry that chair come back.” Èmi abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, mo gbé àga lọ́wọ́, mo gba àárín ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá padà sẹ́yìn. Ọjọ́ méjì ni n kò fi kí i. Nígbà tí mo padà kí i, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé mi ò kí òun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń bi mí nípa irinṣẹ́. Nígbà tiwa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí tó ń da yíǹkì sí èèyàn láṣọ. Lẹ́yìn náà ni a ra gbohùngbohùn alábátìrì kan tó máa ń hó ju èmi gan-an lọ. Nígbà tó yá, fóònù dé, a lè pe èèyàn pé ìpàdé ti yí padà. Mo gbà, ó dẹ iṣẹ́ lára. Ìgbà tí Wásáàpù dé ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. O ó kọ ọ́ pé ìpàdé wà lọ́la, ogójì èèyàn á fi àtàǹpàkò hàn ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ àdúrà sí i, bó bá di ọ̀la, ìwọ àti ìjókòó ni. Àtàǹpàkò kì í wọ bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó ń dùn mí.

Ibùdó àwọn Ìlàjẹ kan wà lójú omi, Aláfíà là ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi onípákó nìkan ló lè gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé Pessu. Wọ́n á kọ́kọ́ to agbọ̀n ẹja, wọ́n á wá to èèyàn lé agbọ̀n. Bí ọkọ̀ bá ti kún, wọ́n á tún gbà sí i. Kò sí ẹni tó ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní etí omi Pessu, mo rí obìnrin kan tó ń bá ọlọ́kọ̀ jà. Ó ti ń ka orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó ní wọ́n ti pọ̀ jù, òun ò ní í wọ̀ ọ́ padà sílé. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń bú u, wọ́n ní àjẹ́ ni, pé ṣé òun nìkan lẹ̀mí dùn mọ́ ni. Ó jókòó lórí agbọ̀n rẹ̀ tó ṣófo, ó ń dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo lọ bá a, mo ní ìwọ ni mò ń wá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni àbí ẹ fẹ́ wàásù?”

Kò mọ̀wé. Nígbà tí mo fún un ní ìwé ìkọ̀wé, ó ní kí ni kí òun fi ṣe. Mo ní kó fa ilà kan fún orí kọ̀ọ̀kan, kó ya òbìrìkìtì kan fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan ó lé ló fi ya á, ojoojúmọ́, bí òjò rọ̀ bí oòrùn ràn. Ìwé náà kún, ó gba òmíràn. Màdáàmù Ejiro, tó máa ń fa ìwé èèyàn ya, ṣí ìwé yẹn, ó ń ṣí i lọ, ó ní, “This one no need grammar.”

Ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ rí láàárín àwa mẹ́ta, torí náà òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, “Oga, your motor get belt. Wetin our boat get?” Ọkùnrin náà ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbójú sókè, ó ṣèlérí fún wa: ọkọ̀ ojú omi ńlá méjì tó ní jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èrò, àti bọ́ọ̀sì kan tí yóò máa gbé wọn láti etí omi lọ sí Ekpan. Ó ní kí òjò ọdún yẹn tó dé.

Ẹ ò rí i bí inú wa ṣe dùn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba nǹkan jẹ́.

Màdáàmù kò sí nílé. Ojú ń dùn ún, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Benin kí wọ́n lè bá a ṣiṣẹ́ abẹ. Èmi ló fi sípò. Àwọn àgbà wa pè mí. Alhaji tó jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ nínú ọjà wà níbẹ̀, bàbá ìjọ tí àwọn Ìlàjẹ ń lọ wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kì í gbà fún ara wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ohùn wọn ṣọ̀kan: ó yẹ ká lọ dúpẹ́. Ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá ní òun máa rán ọ níléèwé, wàá kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wàá ní ẹ ṣé, ẹ ti ṣe é. O kò tíì rí nǹkan kan gbà, ṣùgbọ́n o ti fi ọpẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Ìtìjú ni kò ní í jẹ́ kó yẹ àdéhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló lòdì sí i. Ìlàjẹ rẹ̀ máa ń yára, mo ń kọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí ìdí mi ò tíì kàn, ọpẹ́ kí ni mo fẹ́ dú fún un? Ẹ jẹ́ ká gùn ún ná.”

Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, “Ìwọ obìnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé o fẹ́ bà á jẹ́ fún wa ni?” Ó gbà fún mi torí pé mo jù ú lọ.

A lọ. A gbé iṣu, a gbé ẹja gbígbẹ, a wọ aṣọ tó dáa. Èmi fúnra mi ni mo tẹ lẹ́tà náà, ọwọ́ mi yìí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọkọ̀ ojú omi méjì àti bọ́ọ̀sì kan tí ẹ fún àwọn èèyàn wa. Tí ẹ fún. N kò kọ ọ́ pé tí ẹ ṣèlérí. Mo fọwọ́ sí i, Alhaji fọwọ́ sí i, bàbá ìjọ fọwọ́ sí i, Ìyá Bọ́sẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ sí i torí pé mo ń wò ó. Wọ́n ya wá ní fọ́tò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Òjò dé. Ọkọ̀ kò dé. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ti gbé ọkùnrin yẹn lọ síbòmíràn, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga rẹ̀. Kò bú wa, kò tilẹ̀ le mọ́ wa. Ó ní kí wọ́n gbé fáìlì wá. Ó ṣí i, ó yí i sí wa. “Madam, una don collect am now. See una letter. See una picture.” Mo wo fọ́tò náà. Eyín mi ló kọ́kọ́ hàn níbẹ̀.

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní àṣà wa ni. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé lòun lè tẹ̀lé, pé lójú ìwé, Aláfíà ti gba tirẹ̀, kí a jẹ́ kí àdúgbò mìíràn náà gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ojú tí ìtìjú lè tì. Fáìlì kò ní ojú. Mo ti gbé ìwà ilé wa lọ síbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, mo sì fi mẹ́ta nínú àwọn èèyàn mi ṣe ẹlẹ́rìí pé a ti gba ohun tí a kò rí. Títí di òní yìí, bí mo bá rántí ọkùnrin tó kọ́kọ́ gba iṣu wa lọ́wọ́ wa, tó mọ̀ dájú pé òun kò tíì ra nǹkan kan, tó tún ní kí a súnmọ́ ara wa kí fọ́tò lè gba gbogbo wa, mo máa ń fẹ́ fi nǹkan lu nǹkan.

Oṣù púpọ̀ la fi ń lọ tí a ń bọ̀, Màdáàmù ṣì wà ní Benin. Mo pe ìpàdé pé ká kọ lẹ́tà mìíràn. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé ẹni tó bá pẹ́ dé, a ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Bí Màdáàmù ṣe máa ń ṣe ni mo fẹ́ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀. Àwọn tó wà ní Aláfíà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ìyá Bọ́sẹ̀ ka orí inú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó ní ó pọ̀ jù, kò wọ̀ ọ́. Ó ka ti ìkejì, kò wọ̀ ọ́. Ìkẹta náà pọ̀ jù, ó sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní Ẹ̀gbọ́n òun ní Warri kò fẹ́ kí òun pẹ́. Ó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà dojú dé kí wọ́n tó dé Pessu.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i. Kì í ṣe òun nìkan.

Ọ́fíìsì ìjọba rán èèyàn wá síbi ìkẹ́dùn. Wọ́n kó àpò ìrẹsì wá, wọ́n fi ẹnu lásán bá wa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ìjọ dìde, ó ṣí fìlà, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá. Ojú mi ṣú. Mo ní, “Bàbá, ẹ jókòó.” Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. Ó wò mí, ó jókòó. Àwọn àlejò náà gbé ara wọn, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sìn wọ́n dé etí omi.

Màdáàmù Ejiro dé láti Benin pẹ̀lú bándéèjì lójú kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo rò pé yóò pariwo lé mi lórí, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó pariwo. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, “Carry book. Enter that boat. One month.”

Mi ò mọ omi í wẹ̀. Màdáàmù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń wọ ọkọ̀ Aláfíà lọ, tí mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀, lórí agbọ̀n, láìsí jákẹ́ẹ̀tì, mò ń fa ilà fún orí kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti fẹ́ wọlé, àṣálátù lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí oṣù pé, mo gbé ìwé fún un. Kò ṣí i. Ó ní kì í ṣe òun ni mo ń kọ ọ́ fún.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni nìyí: a kì í dúpẹ́ ìlérí. Bọ́ọ̀sì dé, a ó gùn ún fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, a ó dúpẹ́, a ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọgbọ̀n ọjọ́ la fi gùn ún. Wọ́n pè wá ní aláìmoore káàkiri Warri. Àwọn Yorùbá tèmi ló bú mi jù. Wọ́n ní Warri ti sọ mí dà, pé mo ti gbàgbé ilé. Mo ní ẹ jẹ́ n gbàgbé.

N kò ní í purọ́ pé a kò rí nǹkan kan ṣe. Ilé ìdúró onípáànù wà ní Ekpan báyìí, àwọn tí mo kọ́ ló jà á gbà. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ kan ń ti Ekpan lọ sí ọjà ńlá, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó sì ń dúró fún obìnrin tó gbé ẹja, torí pé a kọ ọ́ sínú àdéhùn. Màdáàmù Ejiro rí ìyẹn kó tó kú. Ọkọ̀ Aláfíà ni kò tíì dé. Ọ̀gá mẹ́fà ló ti jókòó sórí àga yẹn, gbogbo wọn ló ṣí fáìlì yẹn.

Bọ́sẹ̀, ọmọ tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi sílẹ̀, ti dàgbà. Òun náà ń ta ẹja. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀ pé kí n kọ́ òun. N kò fẹ́, mo lé e lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wá. Ó gbọ́ Yorùbá délẹ̀, ṣùgbọ́n bó o bá bá a sọ ọ́, Pidgin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Mo le mọ́ ọn ju bí Màdáàmù ṣe le mọ́ mi lọ. Òun ló ń darí àwọn ará Aláfíà báyìí, kò sì sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ ṣe ìdágbére fún mi. Wọ́n gba gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n se ìrẹsì, èrò pọ̀. Ẹni kan dìde, ó yìn mí. Òmíràn dìde, ó yìn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ń gbádùn rẹ̀, kí n má tàn yín. Bàbá ìjọ tuntun wá ní kí Bọ́sẹ̀ wá síwájú, kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórúkọ gbogbo ará Aláfíà.

Ó wá síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa. Ó wá dìde.

“Mama, I don greet you. I go carry your load reach house today, and tomorrow if you send me message, I go go. But to thank you for Aláfíà, I no go fit. Boat never come.”

Gbọ̀ngàn hó. Inú bí mi. Ẹ̀jẹ̀ ru bò mí lójú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde gbá a létí. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú títí tó fi funfun, oòrùn Ekpan, omi Pessu, gbogbo rẹ̀, níwájú àwọn àna mi. Bàbá ìjọ na ìka sí i, ó ní, “Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo dìde. Mo ní, “Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀.” Mo bi Bọ́sẹ̀ pé, “Ọkọ̀ wo lo wọ̀ wá láàárọ̀ yìí?”

“Na that same one.”

“Orí mélòó ló wà nínú ẹ̀?”

“I count am. E too much.”

“Kí ló dé tó o fi wọ̀ ọ́?”

Ó wò mí. Kò fẹ́ sọ ọ́ níwájú èrò, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ láti máa sọ ohun tó bá rí.

“You say make I no late.”